Ọ̀bẹ tí kò gé ara: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Etí Kan:

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń ka ìbéèrè àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé kókó wà nínú ọpọlọ wọn, mo sì rí i pé CyberKnife, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán tọ́jú kókó, gan-an ni gbogbo wọn ń bẹ̀rù. Èmi náà bẹ̀rù rẹ̀. Àṣé ibòmíì ni ẹkún mi wà.

Fóònù ni mo kọ́kọ́ bá jà. Etí ọ̀tún ni mo máa ń fi í sí, ọ̀rọ̀ ò wá yé mi mọ́, mo ní spíkà ló bàjẹ́. Ọjọ́ tí mo gbé e sí etí òsì, tí ohùn sì ń dún ketekete, ni àyà mi já. MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, fi kókó kan hàn lórí iṣan tó so etí mọ́ ọpọlọ, èyí tí a fi ń gbọ́ràn, tí kì í jẹ́ ká ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Mìlímítà 14 ni. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Dókítà ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà: ká máa ṣọ́ ọ, ká la orí, tàbí ká fi ìtànṣán bá a wí. Ó sì ti dàgbà láàárín àyẹ̀wò méjì, nítorí náà ọ̀rọ̀ ṣíṣọ́ ti kúrò níbẹ̀. Èmi tí mò ń sá fún abẹ́rẹ́, ṣé orí ni n óò ní kí wọ́n là? Mo mú ìtànṣán.

Orúkọ ẹ̀rọ náà, CyberKnife, ló kọ́kọ́ dà mí láàmú, torí ọ̀bẹ wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ ìpalẹ̀mọ́ mo bi nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀bẹ náà dà?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Kò sí ọ̀bẹ kankan. Apá rọ́bọ́ọ̀tì ńlá kan ni, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe mọ́tò fi ń jó irin pọ̀, wọ́n wá gbé ẹ̀rọ tó ń ta ìtànṣán kọ́ sí i lẹ́nu. John Adler, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Yunifásítì Stanford, ló ronú kàn án. Ó ti lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Lars Leksell ní Swídìn, ẹni tó ti ń sọ láti 1951 pé ìtànṣán lè ṣe iṣẹ́ abẹ láìla orí. Àmọ́ ní ti Leksell, wọ́n ní láti fi ìdè irin de orí aláìsàn, kí wọ́n fi ṣúrúù dè é mọ́ agbárí. Adler ní kí wọ́n yọ irin yẹn kúrò, kí X-ray àti kọ̀ǹpútà máa fúnra wọn wá ibi tí orí wà. 1994 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún aláìsàn, nígbà tó sì di 2001, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, ti gbà kí wọ́n lò ó níbikíbi lára. Mo ka ọ̀rọ̀ ṣúrúù yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo dúpẹ́ pé n kò tètè ṣàìsàn.

Máàsìkì tí wọ́n fi ń mú orí dúró nìkan ló nira díẹ̀. Wọ́n ki ike pẹlẹbẹ kan tó ní ihò bí àwọ̀n bọ omi gbígbóná, ó rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún, wọ́n sì nà án bo ojú mi. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, omi ń ro bọ́ sí mi létí. Kò pẹ́ tó fi le koko. Irun ìpéǹpéjú mi há sí ihò kan nítorí mo ṣẹ́jú lásìkò tí kò yẹ, nítorí náà ẹ dijú yín dáadáa kí wọ́n tó nà án.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ, ọjọ́ mẹ́ta léra. Gray 18 (Gray ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán) ni wọ́n pín sí mẹ́ta. Wọn ò fún mi ní oògùn oorun. Wọ́n de máàsìkì mọ́ tábìlì, gbogbo wọn jáde, ilẹ̀kùn ńlá pa dé. Apá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Á dúró, á kùn bí oyin tó há sínú agolo, á dákẹ́, á tún gba ẹ̀gbẹ́ mìíràn yọ. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ibi tó ti ta ìtànṣán sí mi. Ìtànṣán kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan, ibi tí gbogbo wọn ti pàdé ni kókó ti ń jẹ ìyà. Bó ṣe ń ṣe é ni X-ray méjì láti òkè àjà ń yẹ orí mi wò, bí mo bá yẹ̀ díẹ̀, apá á yẹ̀ tẹ̀lé mi. Lọ́jọ́ kejì ó ń ṣe mí bíi kí n sín. Mo gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dá a dúró, mo sín, a sì ń bá a lọ. Nígbà mìíràn mo máa ń rí ìmọ́lẹ̀ búlúù fẹ̀rẹ̀ bí mo tilẹ̀ dijú. Wọ́n ní àwọn mìíràn náà ń rí i. Kò dùn mí rárá. Mo fẹsẹ̀ ara mi rìn jáde, ilà àwọ̀n sì wà níwájú orí mi bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lókè odò.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn ni ẹkún dé. MRI ní kókó ti di mìlímítà 16. Mo jókòó sínú ọkọ̀, n kò lè ṣíná. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi ṣáájú pé irú kókó yìí máa ń wú lẹ́yìn ìtànṣán kó tó fara balẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà ló wá ń ṣàlàyé pé wọn kì í yọ ọ́ kúrò, ìdàgbà rẹ̀ ni wọ́n ń pa. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó ṣáájú máàsìkì!

Ọmọ Màámi:

Ẹ kú àlàyé, mà. Tiwa, ọ̀pá ẹ̀yìn ni. Jẹjẹrẹ ọmú màámi ti ràn dé eegun ẹ̀yìn wọn, wọ́n sì ti gba ìtànṣán gbogboogbò síbẹ̀ nígbà kan. Dókítà ní okùn iṣan tó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá kò lè gba púpọ̀ sí i mọ́, pé èyí tó jẹ́ ti rọ́bọ́ọ̀tì ló lè yí i ká láìbà á jẹ́.

Wọn ò lo máàsìkì fún wọn. Orí àpò kan ni wọ́n sùn lé, wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó sì le, ó gba ìrísí ẹ̀yìn wọn gẹ́lẹ́. Eegun wọn gan-an ni ẹ̀rọ ń wò láti mọ ibi tó wà. Ìṣòro wa ni pé kí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn fi ẹ̀yìn lélẹ̀ fún wákàtí kan! Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín bóyá ẹ lè lo oògùn ìrora kẹ́ ẹ tó wọlé.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ni ìrora wá le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo rò pé wọ́n ti ba màámi jẹ́. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó kọ dexamethasone, oògùn tó ń mú wíwú lọọlẹ̀, ìrora náà sì rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta, mo wà ní pálọ̀, mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì ń dún kẹ́kẹ́. Mo sáré wọlé. Wọ́n ti fúnra wọn yí ẹ̀gbẹ́ padà, wọ́n sì ń bi mí pé kí ni mò ń sá fún.

Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé kí màámi má gbé ẹrù, torí eegun ibẹ̀ lè rún. Bí ẹsẹ̀ ẹni yín bá ń rọ, tàbí tí kò lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lóru ọjọ́ náà.

Orí Ò Fọ́:

Èmi, wọ́n ní rárá. Kókó tèmi jẹ́ mìlímítà 45, ó ń ti ọpọlọ, ó sì fara kan iṣan ojú tí a fi ń ríran. Mo ní rọ́bọ́ọ̀tì ni mo fẹ́. Oníṣẹ́ abẹ ní ó ti tóbi jù, pé bó bá wú lẹ́yìn ìtànṣán, kò síbi tó máa wú sí, ojú mi ló máa fi ṣe é. Mo bínú, mo ní iṣẹ́ ló ń wá. Wọ́n la orí, wọ́n yọ púpọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n fi èyí tó lẹ̀ mọ́ iṣan ojú sílẹ̀. Ìyókù yẹn ni wọ́n fún ní ìtànṣán lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mo ṣì ń ríran. Ọkùnrin yẹn kò dá èébú mi padà.

Etí Kan:

Ẹ kú ewu o, sà. Màámi náà á máa gbádùn o, àbúrò.

Ẹni tó bi mí nípa irun àti ọmọ: irun tèmi ò já. Ọmọ yín lè dì mọ́ yín, ìtànṣán kì í bá ènìyàn wálé. Àárẹ̀ nìkan ló mú mi fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí, mìlímítà 13 ló wà, ó kàn jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ilé lọ. Etí ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, n kò ní purọ́ fún yín. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, dókítà sì ti sọ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì mi.