Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dá ọgbà ẹ̀fọ́: ẹ wá sọ tiyín

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tèmi kí ojú má bàa ti ẹlòmíì. Tòmátò 16 ni mo pa lóru ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ibi tí mo ń gbé, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ̀yìn àpò irúgbìn kọ ọ́ pé kí n gbìn ín sínú ilé ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ṣáájú ìrì dídì ìkẹyìn, ìyẹn òru tí òtútù máa mú ìrì dì kẹ́yìn kí ooru tó wọlé. Ta ló mọ ọjọ́ tí ìrì dídì ìkẹyìn máa ń bọ́? Èmi ò mọ̀, mi ò sì béèrè. Bí oṣù Kejì ṣe ń parí lọ ni mo ti bu iyẹ̀pẹ̀ sínú ife ike, mo to wọ́n sójú fèrèsé. Wọ́n hù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ò tó wọn. Wọ́n gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, gbogbo wọn kọjú sí gíláàsì bí ọmọ tó ń wọ̀nà fún ìyá rẹ̀ tó lọ ọjà.

Nígbà tó di oṣù Kẹrin, oòrùn ràn fún bí ọjọ́ márùn-ún léra. Ojú ọjọ́ gbóná dé 20°C, mo bọ́ súwẹ́tà, mo ní òtútù ti lọ nìyẹn. Mo gbé gbogbo wọn jáde lọ́jọ́ kan náà, mo gbìn wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, ewé wọn ti ń funfun bí bébà níbi tí oòrùn ti bà wọ́n, nítorí ohun tí a tọ́ nínú ilé kò mọ oòrùn rí. (Ó yẹ kí n máa gbé wọn jáde díẹ̀díẹ̀ ni, wákàtí kan lónìí, méjì lọ́la, títí ọjọ́ 7 sí 10. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ ni.) Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló pa wọ́n.

Alẹ́ ọjọ́ kẹta, ojú ọ̀run mọ́ gaara, ìràwọ̀ kún fọ́fọ́, afẹ́fẹ́ ò fẹ́ rárá. Mo tiẹ̀ dúró síta, mo ń gbádùn rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé àwọsánmà ni aṣọ ìbora ilẹ̀. Tí kò bá sí, gbogbo ooru tí ilẹ̀ fi ọ̀sán kó jọ á ti gòkè lọ kí ojúmọ́ tó mọ́. Mo jí láàárọ̀, ìrì ti dì, koríko funfun. Ewé tòmátò ṣì dúró, ó ń dán, ó ṣú bíi pé wọ́n ta epo sí i. Inú mi tiẹ̀ dùn. Nígbà tí oòrùn wá kàn án, kò ju wákàtí kan lọ, ó rọ̀ wọlẹ̀, ó di dúdú bí ewé tí a bọ̀ lómi gbígbóná. Mo fọwọ́ tẹ igi ọ̀kan, omi ló jáde. Kábéèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ńkọ́? Kò mì.

Ìyá àgbà tó ń gbé ilé kejì bojú wò mí láti ẹ̀yìn ọgbà. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní kí n lọ mú tẹmómítà wá, kí n tì í bọ ilẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan. 8°C. Wọ́n ní, "Ara rẹ lo fi ń wo ojú ọjọ́. Ẹsẹ̀ tòmátò, inú ilẹ̀ ló wà." Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ ò bá pé 15°C láàárọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, n kì í gbé tòmátò jáde. Ata àti kúkúńbà tiẹ̀ ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Lọ́dọ̀ tèmi, a ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìrì dídì, òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ nìkan la mọ̀. Síbẹ̀ tòmátò ò so fún mi.

Ó ga dé àyà mi, ó yọ òdòdó rẹpẹtẹ. Láràárọ̀ ni mo máa ń bá òdòdó náà nílẹ̀. Tí ẹ bá wo igi òdòdó tòmátò dáadáa, ẹ máa rí oríkèé kékeré kan lára rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń já, bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Mo ní ebi ló ń pa á, mo da ajílẹ̀ sí i. Ewé wá kún bí igbó, òdòdó ò yéé já. Mo bomi rin ín títí, pàbó. Ẹnì kan tó ti pẹ́ nídìí ọgbà ló bi mí pé, "Ṣé o máa ń rí oorun sùn?" Mo ní ooru kì í jẹ́ n sùn. Ó ní tòmátò náà ò sùn. Bí òru bá ń lé ní nǹkan bí 24°C léraléra, tí ọ̀sán sì ń kọjá 32, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó ò ní lágbára mọ́, òdòdó á já láìmú èso.

Mo wá ka oṣù padà sẹ́yìn. Láti ìgbà tí mo bá lọ́ ọ sílẹ̀ títí tó fi máa yọ òdòdó, bí oṣù kan sí oṣù kan àbọ̀ ni. Mo wo oṣù tí òru wa máa ń tutù jù, mo gbìn ín kí òdòdó lè bọ́ síbẹ̀. Ó so. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó so.

Ẹ má gbìn ín sáàárín òjò o, àyàfi tí ẹ bá múra. Òjò á ta ẹrọ̀fọ̀ sára ewé ìsàlẹ̀, àmì pupa resúresú á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bí ẹni ń gun àkàbà. Mo kọ ebè gíga, mo fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, mo já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, ó sì dín kù. Ilá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò bìkítà. Ooru ni oúnjẹ ilá.

Lẹ́tùùsì ni mo fẹ́ fi jẹ́wọ́. Mo gbìn ín lẹ́ẹ̀mẹta, kò hù. Mo ti bú ẹni tó tà á fún mi tán nínú ọkàn mi kó tó yé mi pé bí ilẹ̀ bá gbóná kọjá bí 30°C, ṣe ni irúgbìn lẹ́tùùsì máa ń sùn lọ. Mo da èyí tó kù sórí bébà ìnuwọ́ tó rin, mo gbé e sínú fíríìjì fún ọjọ́ méjì, mo wá gbìn ín sábẹ́ ibòji. Ó hù. (Ti bó ṣe korò nígbẹ̀yìn, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.)

* * *

Ẹ̀yin ń sọ tòmátò. Àlùbósà tèmi ò lórí. Oṣù méje ni mo fi bomi rin ín, ewé ń yọ, ó tutù minijọjọ. Mo wá fà á tu: ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò nípọn ju ìka lọ. Ìtòsí agbedeméjì ayé ni mo wà, ojúmọ́ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò ní wákàtí 12, ì báà ṣe òjò, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀rùn. Irúgbìn tí mo rà, ti àwọn tí ojúmọ́ wọn máa ń gùn dé wákàtí 14 sí 16 ni. Bí kò bá rí ojúmọ́ tó gùn tó bẹ́ẹ̀, kò ní ta orí, kò sì lè rí i láéláé lọ́dọ̀ mi. Irú mìíràn wà tí wákàtí 12 tó o. Wọ́n kọ ọ́ sára àpò, lẹ́tà wínníwínní. Mo rò pé ìpolówó ni.

* * *

Tèmi kúrú. Mo kó kúrò ní apá àríwá ayé lọ sí gúúsù, mo gbé ìwé tí mo ń kọ ọjọ́ ìgbìn sí dání. Mo gbin ẹ̀wà ní oṣù Kẹrin bí mo ṣe máa ń ṣe. Wọ́n yọ ewé méjì, wọ́n dúró gbagidi. Òtútù ló ń bọ̀ lọ́hùn-ún, èmi ń retí ooru. Oṣù Kẹwàá ló yẹ kí n dúró dè. Mo ti kọ "fi oṣù mẹ́fà kún un" gàdàgbà sẹ́yìn ìwé náà.

* * *

Èmi olókùú tòmátò 16 ni mo padà dé. Alálùbósà, ẹ jẹ ewé rẹ̀, ó dùn. Àbúrò tí òdòdó rẹ̀ ń já, o ṣeun fún ọ̀rọ̀ fíríìjì. Lẹ́tùùsì tí mo bá gbìn lóṣù Keje kì í hù, ẹyẹ ni mo sì ti ń dá lẹ́bi láti ọjọ́ yìí wá.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo pín tòmátò mi sí méjì: mẹ́jọ ti wà nílẹ̀, mẹ́jọ ṣì wà lójú fèrèsé. Ilẹ̀ jẹ́ 16°C láàárọ̀ òní. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ojú ọ̀run máa mọ́ gaara lálẹ́, afẹ́fẹ́ ò sì ní fẹ́. Mo ti to garawa mẹ́jọ sẹ́nu ọ̀nà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, màá lọ fi dé wọn lórí. Ìyá àgbà ti bojú wò mí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ka garawa náà, wọ́n wọlé.