Ẹ gbà mí o: ayàwòrán ojú ilẹ̀ Họ́láńdì ìgbà àkọ́kọ́ wo ni kí ọmọ mi mú fún spreekbeurt?

IyaTolu, Ọjọ́ Ẹtì, 9:40 alẹ́
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kíákíá ni. Ọjọ́ Ajé ni spreekbeurt Tolú, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ọmọ máa ń dúró sọ níwájú kíláàsì, ìrọ̀lẹ́ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí sọ fún mi. Ayàwòrán ojú ilẹ̀ ni wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ lé lórí, ará Họ́láńdì, ti ìgbà àkọ́kọ́. Tíṣà ti ní àwọn ò fẹ́ Rembrandt, àwọn ò fẹ́ Ruisdael. Èmi ò mọ ẹnì kankan nínú wọn. Ta ni kó mú? Ibo ni mo lè mú un lọ lọ́la kó fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ ẹni náà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sùn láìrí èsì.

BabaAlmere, 9:52
Avercamp. Ẹ má wulẹ̀ wá ẹlòmíràn. Amsterdam ni wọ́n bí Hendrick Avercamp sí ní 1585, Kampen ló dàgbà sí, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 1634. Bàbá rẹ̀ ń ta oògùn. Òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Odi Kampen. Yìnyín ló ń yà ṣáá: odò tó dì gbagidi, ọlọ́lá àti mẹ̀kúnnù pọ̀ lórí rẹ̀, ẹni tó ń yọ̀ lọ geere, ẹni tó ṣubú lulẹ̀. Òtútù Yúróòpù nígbà yẹn le ju ti ìsinsìnyí lọ.

Ẹ lọ sí Rijksmuseum, mùsíọ́ọ̀mù ńlá tó wà ní Amsterdam, èyí tó yà ní nǹkan bí 1608 wà níbẹ̀. Ọmọdé kì í sanwó, àmọ́ ẹ tètè gba àkókò yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ yìí. Kí Tolú wo apá òsì nísàlẹ̀ dáadáa. Wọ́n fi igi gbé ilẹ̀kùn àtijọ́ kan sókè, ẹyẹ tó bá kó sábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn á wó lé e. Pàkúté ni! Níbẹ̀ náà ni ajá àti ẹyẹ ti ń jẹ òkú ẹṣin. Bó bá ṣàlàyé pàkúté yẹn nìkan fún kíláàsì, gbogbo wọn á dákẹ́ gbọ́ ọ.

OmoEkitiDenHaag, 10:05
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n Avercamp ni gbogbo ọmọ máa ń mú. Jan van Goyen ni kó mú. Ọmọ ẹni tó ń ṣe bàtà ni, Leiden ni wọ́n bí i sí ní 1596. Ọ̀gá tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn pọ̀, ọ̀dọ̀ Esaias van de Velde ní Haarlem ni ojú rẹ̀ ti là.

Ẹ wo ohun tí òun àti Esaias yìí ṣe. Àwọn tó ṣáájú wọn máa ń ya ilẹ̀ bí ẹni tó gun orí òkè ń wo ìsàlẹ̀, wọ́n á kó gbogbo nǹkan kún inú rẹ̀, àwọ̀ á máa tàn yòò. Ojú ibi tí èèyàn dúró sí lórí ilẹ̀ gan-an ni àwọn wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Ilẹ̀ wá di tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, òfúrufú gba gbogbo ìyókù. Van Goyen ò lò ju àwọ̀ díẹ̀ lọ, bí àwọ̀ ilẹ̀, eérú, ewé tó ti ń rọ. Ó máa ń fi ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn lè rí ìlà igi óókù tó yà á lé. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ fi yá: àwòrán tó yà lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Bẹ́ ẹ bá dúró níwájú ọ̀kan, ẹ óò mọ̀ pé òjò ti ṣú lọ́nà ibẹ̀.

Ó tún ṣòwò tulip. Oṣù kìíní àti ìkejì 1637 ló ń ra òdòdó, oṣù kejì yẹn gan-an sì ni ọjà náà wó. Ìlú Den Haag fún un ní guilder 650 (owó Họ́láńdì ìgbà yẹn) ní 1651 kó ya ìlú náà fún wọn, síbẹ̀ nígbà tó kú ní 1656, gbèsè guilder 18,000 ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fẹ́ Jan Steen, ayàwòrán náà.

AuntyBijlmer, 10:21
Ìyá Tolú, kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ lọ síbikíbi, ẹ gbọ́ tèmi. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Mo mú àwọn ọmọ mi méjì lọ lọ́dún tó kọjá. Láti yàrá kìíní ni ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń tẹ̀ lé wa. Àwọn ẹbí mìíràn wà níbẹ̀, ọmọ wọn ń sáré, kò wò wọ́n. Àbúrò nawọ́ láti fi ọkọ̀ ojú omi kan hàn mí nínú àwòrán, kò fọwọ́ kàn án rárá, agogo kan dún, ọkùnrin yìí sì jágbe mọ́ ọn níwájú gbogbo èèyàn. Ọmọ ọdún méje! Ó sunkún títí a fi dé ilé. Títí di òní, bí mo bá pe mùsíọ́ọ̀mù, á ní ikùn ń run òun.

SisiRotterdam, 10:26
Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni. Ojú wa ni irú rẹ̀ ń rí níbí. Ṣé ẹ kọ̀wé sí wọn?

AuntyBijlmer, 10:28
Mo kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ìyẹn nìkan.

BabaAlmere, 10:33
Ó dùn mí, àmọ́ ẹ má fi ìyẹn dẹ́rù ba ìyá ọlọ́mọ. Agogo yẹn máa ń dún fún gbogbo èèyàn tó bá súnmọ́ àwòrán jù. Ó ti dún fún èmi náà.

SisiRotterdam, 10:36
Bàbá, ẹjọ́ agogo kọ́ ni wọ́n ń rò. Títẹ̀ lé wọn láti yàrá kìíní ńkọ́? Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká máa bo nǹkan wọ̀nyí mọ́lẹ̀.

BabaAlmere, 10:41
Mi ò bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí a bá torí rẹ̀ jókòó sílé, àwọn ọmọ wa ló pàdánù.

LekanDelft, 10:44
Ẹ jọ̀ọ́, àwòrán yìnyín yẹn, ibo ni wọ́n ti lè tẹ̀ ẹ́ ní ńlá fún èèyàn? Mo fẹ́ gbé e kọ́ sí pálọ̀.

OmoEkitiDenHaag, 10:47
Ẹ lọ sórí ìkànnì Rijksmuseum, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi sílẹ̀, ẹ gbé e fún àwọn tó ń tẹ àwòrán.

AdeolaUtrecht, 10:50
Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó dárúkọ Frans Post? Ará Haarlem ni, wọ́n bí i ní 1612. Ó bá Johan Maurits, gómìnà apá Bràsíl tó wà lọ́wọ́ Họ́láńdì, dé ibẹ̀ ní 1637, ó padà ní 1644, Bràsíl ló sì ń yà lẹ́yìn náà. Ó kú ní 1680. Ilé Maurits náà ni Mauritshuis, mùsíọ́ọ̀mù tó wà ní Den Haag. Àwọn èèyàn wa wà nínú àwòrán rẹ̀, níbi ọlọ ìrèké. Ọmọ Yorùbá ló yẹ kó sọ ìtàn yẹn fún wọn.

OmoEkitiDenHaag, 10:58
Adéọlá, òótọ́ ni pé aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kó lẹ́rú ló wà níbẹ̀. Àmọ́ Àǹgólà ni púpọ̀ àwọn tí wọ́n kó lọ sí Pernambuco, apá Bràsíl tí Post yà, nígbà yẹn ti wá. Ìgbà tó pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tiwa, ọmọ Yorùbá, pọ̀ dé Bahia, apá Bràsíl mìíràn. Ọmọ ò gbọdọ̀ lọ sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ níwájú tíṣà. Ohun tó ń dùn mí nípa Post ni pé gbogbo nǹkan rẹ̀ tutù minimini, kò sí ẹgba, kò sí ẹkún, bí ẹni pé ìgbádùn ni iṣẹ́ ìrèké.

AdeolaUtrecht, 11:02
Mo gbà lórí Àǹgólà. Kí ọmọ sọ èyí tẹ́ ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn gan-an!

MamaDeji, 11:10
Ọ̀rọ̀ Avercamp ni mo fẹ́ dá sí. Ọmọ tèmi kì í gbọ́ràn. Bí Tolú bá mú un, kó má kan máa pariwo "odi, odi" káwọn ọmọ kíláàsì máa rẹ́rìn-ín. Kó sọ pé ìyá Avercamp ronú nípa ọmọ rẹ̀ kó tó kú, ó fi í sínú ìwé ìhágún kí wọ́n lè máa tọ́jú rẹ̀. Kó sì sọ pé ẹni tí ò lè sọ̀rọ̀ yìí fojú rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí lórí yìnyín yẹn. Mo ti dúró níwájú iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mi. Ó fọwọ́ sọ fún mi pé gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ nínú àwòrán náà.

BabaAlmere, 11:15
Ẹ ṣeun, Màmá Déjì. Mo gbọ́.

IyaTolu, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:20 àárọ̀
Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì ka ti AuntyBijlmer fún ọkọ mi, inú wa ò dùn rárá. Mo gbàgbé láti sọ fún yín pé Dordrecht la wà, ọmọ ọdún mẹ́wàá sì ni Tolú. Àárọ̀ yìí mo fi àwòrán gbogbo wọn hàn án lórí fóònù. Avercamp kọjá, kò sọ̀rọ̀. Post kọjá. Ó wá kan èyí tí Van Goyen ya Dordrecht láti orí omi, ọmọ bá kígbe: "Màmá, ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì wa nìyí!" Grote Kerk ni, tó kúrú gbàǹgbà yẹn, tí wọn ò kọ́ parí nítorí pé ó ń tẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń gbà lọ síbi bọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

BabaAlmere, ẹ má bínú. Ó ní òun ò fẹ́ sọ ti tulip, òun ò fẹ́ sọ ti gbèsè. Òfúrufú àti ilé gogoro yẹn lòun máa sọ, ìdí tí òfúrufú fi tóbi tó bẹ́ẹ̀. A ò lọ sí Amsterdam. Dordrechts Museum la máa fẹsẹ̀ rìn lọ lọ́sàn-án yìí, Van Goyen tó ya ìlú wa wà níbẹ̀. Èmi gan-an ni máa dúró láàárín òun àti ẹ̀ṣọ́.

AuntyBijlmer, 10:31
Bó bá parí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ fún mi bí wọ́n ṣe ṣe sí yín.

IyaTolu, 10:33
Màá sọ. Ẹ jẹ́ kí n lọ ra páálí fún un ná.