Àkèré tó ń yé ẹyin sínú ọparun: omi dà?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ ẹranko. Mo kà nípa àkèré igbó kékeré kan ní gúúsù Íńdíà, Raorchestes chalazodes, pé inú ọparun tí kò ní omi ló ń yé ẹyin sí. Báwo ni ẹyin náà ṣe ń di ọmọ, nígbà tó jẹ́ pé inú omi ni ọmọ gbogbo àkèré tí mo mọ̀ ti ń fi ìrù lúwẹ̀ẹ́ kí ó tó hu ẹsẹ̀?

Èsì
Ọmọ tirẹ̀ kì í lúwẹ̀ẹ́ rárá. Inú ẹyin ló ti ń hu ẹsẹ̀, bí ẹyin bá sì pa, àkèré tó pé pérépéré ló ń jáde, bó tilẹ̀ kéré ju èékánná lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ìbátan rẹ̀. Ilé tó yàn ló yà á sọ́tọ̀. Láàárín oríkèé méjì lára ọparun ni ó ti ń wá ihò tóóró tí kòkòrò tàbí eku ti lu síbẹ̀, ihò tí ẹ ó wò tí ẹ ó ní kò sí àkèré tó lè gba ibẹ̀, tí òun yóò sì fún ara rẹ̀ wọlé. Ìsàlẹ̀ ni ihò náà wà, nítorí náà omi òjò kì í dúró síbẹ̀. Abo yóò lẹ ẹyin bíi márùn-ún sí mẹ́jọ mọ́ ara ọparun nínú lọ́hùn-ún, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Akọ ló ń ṣọ́ wọn.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Kí wá ni ó ń ṣọ́ wọn fún nínú ihò tó há tó bẹ́ẹ̀?

Èsì
Nítorí akọ bíi tirẹ̀ ni. Èèrà ni èmi kọ́kọ́ fura sí, ṣùgbọ́n nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2018, wọ́n mú bàbá kúrò nídìí ẹyin, àwọn akọ mìíràn sì wọlé wá jẹ ẹ́. Ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ni bàbá fi ń jáde lọ jẹun.

Èsì mìíràn
Kí n fi kún un pé onímọ̀ ẹranko kan, Albert Günther, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1876, àmọ́ ó ju 130 ọdún lọ kí wọ́n tó kéde ní 2011 pé wọ́n tún ti rí i, tòun ti ara rẹ̀ tó ní àwọ̀ ewé títàn. Ìbẹ̀rù tèmi ni pé ẹni tó ń gé ọparun fún àwọn tó ń ṣe bébà kò lè dúró níta kí ó mọ èyí tí bàbá jókòó sí nínú rẹ̀.