Èsì: Kí la ó máa pe sarcoidosis?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni orúkọ Yorùbá tí a ó máa pe sarcoidosis, àìsàn tó ń mú kí kókó wẹ́wẹ́ yọ nínú ara. Orúkọ méjì ni wọ́n ti dábàá báyìí. Bọ̀dá wa tó ń ṣètò ìlera lórí rédíò ní "àrùn bí-ẹran", torí pé ẹran ara ni "sarx" lédè Gíríìkì. Àǹtí wa ní "ikọ́ ife tí kì í ràn". Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọ̀kankan.

Ti Bọ̀dá kò le. Caesar Boeck, dókítà awọ ará Nọ́wè, ló mú ọ̀rọ̀ ẹran yẹn wọ̀ ọ́ lọ́dún 1899, torí pé kókó tó rí lára aláìsàn jọ jẹjẹrẹ ẹran ara lójú rẹ̀. Òun náà sì sọ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kí ni ìyẹn fẹ́ yé aláìsàn tó wà ní Mọ́kọ́lá?

Ti Àǹtí ló ń bà mí lẹ́rù. N'Ìbàdàn níbí, ẹni tí ikọ́ rẹ̀ bá ti pẹ́, ikọ́ ife lọkàn gbogbo ará ilé máa ń lọ, wọn á ní kó gba ilé ìwòsàn àyà ní Jẹ́ríkò lọ. Àwòrán àyà àrùn méjèèjì lè jọra, àwọn kan sì ti lo oògùn ikọ́ ife fún oṣù gbọọrọ lásán. Kòkòrò ló ń fa ikọ́ ife. Àárín kókó tí ikọ́ ife ń mú yọ nínú ara a máa jẹrà, a funfun bíi wàrà. Ní ti sarcoidosis, sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara ló ń ṣù jọ di kókó wẹ́wẹ́, tí kì í sábà jẹrà, kò sì sẹ́ni tó tíì rí ìdí rẹ̀. Prednisolone tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ ń dẹwọ́ ààbò ara. Bí ẹni tó ní ikọ́ ife gan-an bá ṣèèṣì lò ó láìlo oògùn ikọ́ ife, wàhálà dé. Ẹ̀yin ẹ wá fẹ́ fi orúkọ so wọ́n pọ̀?

Lóòótọ́, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá aláìsàn sarcoidosis ló ń mú lẹ́dọ̀fóró, àmọ́ ó ń mú ojú, awọ àti ọkàn pẹ̀lú. Ẹlòmíì kì í tilẹ̀ wúkọ́.

"Àrùn aṣùkókó" ni mo fara mọ́. Ẹ fi àmì sí i dáadáa o, kí wọ́n má bàa rò pé Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ ló ń ṣàìsàn!

Ó ku granuloma fúnra rẹ̀, ìyẹn kókó wẹ́wẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara ń ṣù jọ dì. "Kókó" nìkan kò tó, torí kókó ọmú náà, kókó ni. Ṣé "kókó-agbèjà" á yé ìyá tó wà ní Ọjà-Ọba, àbí ká ṣì máa wá a?