Báǹkì àgbẹ̀ inú ìtàn mi: ibi tí mo fàbọ̀ sí

Ẹ kú àdúrótì. Mo bi yín pé báwo ni báǹkì ìjọba, ní orílẹ̀-èdè tí mo hùmọ̀ fún ìtàn mi, ṣe máa yá àgbẹ̀ tí kò ní ìwé ilẹ̀ lówó. Ọgbọ́n Thailand ni mo mú. Báǹkì àgbẹ̀ ìjọba wọn, BAAC, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1966, máa ń jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ kóra jọ ṣe onídùúró fún ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ gbèsè mọ́lẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wá kanlẹ̀kùn. (Ẹni tó bá ti dá èésú rí mọ ìyẹn!) Nínú ìtàn tèmi, ẹ̀yìn ìkórè ni wọn yóò máa san án, kò sẹ́ni tó máa ta èébù iṣu san gbèsè. Àmọ́ àbá tí wọ́n dá fún mi, pé kí gómìnà máa buwọ́ lùwé ẹ̀yáwó ńkọ́? Mi ò gbà o. Ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ nìkan ni yóò rí owó náà gbà. Mo ti ọ̀rọ̀ yìí pa. Ẹ ṣeun gan-an.