Àròkọ, sẹ́mínà àti àjòjì: ẹ sọ ìrírí yín

Àjòjìkíláàsì: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọdún kan rèé tí mo ti ń ka sosiọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ẹ̀dá, nílẹ̀ òkèèrè, àròkọ àkọ́kọ́ tí mo kọ ló sì dùn mí jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ka Durkheim, onímọ̀ sosiọ́lọ́jì ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbogbo ohun tó sọ nípa ìpara-ẹni lọ́dún 1897 ni mo tò sílẹ̀, mi ò fo ẹyọ kan, àfi bí máàkì ṣe dé tí olùkọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé mò ń ròyìn lásán, mi ò jiyàn. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ṣé ẹ̀yin náà rí irú ẹ̀?

Ìwéòtán: Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ ọ́ sí tèmi.

ỌmọLáíbìrì: Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé torí ó pẹ́ kó tó yé èmi náà. Iye àwọn tó pa ara wọn tí ìjọba kọ sílẹ̀ ni Durkheim gbára lé, ó ní àwọn Protestant ń pa ara wọn ju àwọn Kátólíìkì lọ. Ó dáa. Ta ló kọ iye yẹn sílẹ̀? Ohun tí Jack Douglas, onímọ̀ sosiọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà, bi nìyẹn lọ́dún 1967, ó ní òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń pinnu irú ikú tó jẹ́, mọ̀lẹ́bí sì lè bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí ìtìjú bá ti pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti bi irú ìbéèrè yẹn, tẹ́ ẹ wá sọ ibi tẹ́ ẹ dúró sí àti ìdí ẹ̀, ẹ ti jiyàn nìyẹn.

Àjòjìkíláàsì: Háà! Ká ní ẹnì kan ti sọ ọ́ báyìí fún mi látọjọ́ yìí ni!

Òǹkàwé2: Mi ò gbà tán o. Ẹni tí ò lè ròyìn ohun tí Durkheim sọ kó pé, kí ló fẹ́ bá a jiyàn lé lórí?

ỌmọLáíbìrì: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kó má parí síbẹ̀.

Ohùnkékeré: Àròkọ sàn fún mi, sẹ́mínà, kíláàsì tá a ti ń jíròrò ohun tá a kà, ló ń pa mí. Kí n tó to gbólóhùn pọ̀ lórí tán wọ́n ti sọ̀rọ̀ kọjá ibẹ̀, olùkọ́ wá rò pé mi ò kàwé, bẹ́ẹ̀ mo kà á ju gbogbo wọn lọ!

Ìwéòtán: Kọ ìbéèrè kan sílẹ̀ látilé, kó o sì tètè bi í kí ilé tó gbóná.

Òǹkàwé2: Tèmi ni pé Marx, Weber, Durkheim, àwọn tí wọ́n ń pè ní baba sosiọ́lọ́jì ní Yúróòpù, nìkan ni wọ́n ń kọ́ wa. Ibn Khaldun, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí láti Àríwá Áfíríkà, ti kọ ìwé Muqaddimah lọ́dún 1377, Du Bois, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ti lọ láti ilé dé ilé ní Philadelphia láti ṣèwádìí ìgbé ayé àwọn aláwọ̀ dúdú kí ìwé ẹ̀ tó jáde lọ́dún 1899, a ò gbọ́ orúkọ wọn ní kíláàsì.

Ìwéòtán: Òpìtàn ni Ibn Khaldun kẹ̀, kì í ṣe sosiọ́lọ́jì ló kọ.

Òǹkàwé2: Ẹ lọ ka ohun tó sọ nípa asabiyya, ìyẹn ìṣọ̀kan àwùjọ, bó ṣe ń gbé ìjọba dìde àti bó ṣe ń tú láàárín ìran mẹ́ta, kẹ́ ẹ tó wá sọ bẹ́ẹ̀.

Ohùnkékeré: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sọ́dọ̀ mi. Ọ̀la ni sẹ́mínà Weber. Kí ni kí n bi wọ́n?

ỌmọLáíbìrì: Bi wọ́n pé tó bá jẹ́ ẹ̀sìn Protestant ló tanná ran ẹ̀mí òwò bí Weber ṣe sọ, báwo ni òwò ṣe gbilẹ̀ ní Venice àti Florence, àwọn ìlú nílẹ̀ Ítálì, kí Protestant tó wà rárá? Kó o sì wá sọ bó ṣe lọ fún wa.