"Ẹ̀yà kékeré" kọ́, ẹ̀yà àìfọ̀rọ̀lọ̀ ni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìtàn ìgbésí ayé Charles V. Hamilton, onímọ̀ òṣèlú aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, tí ẹ kọ wọ̀ mí lára, mo sì kà á fún àwọn ọmọ kíláàsì mi níbí ní Àgbádárìgì. Ibi tí ẹ ti pè é ní "onímọ̀ òṣèlú ìgboro àti ẹ̀yà kékeré", tí ẹ fi túmọ̀ "urban" àti "minority" ti Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ti ní àríyànjiyàn.

Kí n tètè kúrò lórí "ìgboro". Kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú látilẹ̀wá: àárín ìlú ni, ibi tí ilé ti fara kan ilé. Ṣùgbọ́n ẹ sọ "òṣèlú ìgboro" sétí ọmọ Èkó lónìí, àwọn tó ń já àpótí ìbò gbà ló máa wá sí i lọ́kàn, torí "ọmọ ìgboro" ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ohun tí Hamilton ṣe kọ́ nìyẹn. Ní 1969 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Yunifásítì Columbia ní New York, Harlem, àdúgbò tí àwọn aláwọ̀ dúdú gbajúmọ̀ sí, ò sì jìnnà síbẹ̀. Ní 1991 ó gbé ìwé ńlá kan jáde lórí Adam Clayton Powell, ẹni tó ṣojú Harlem nílé aṣòfin Amẹ́ríkà. "Òṣèlú ìlú ńlá" tẹ́ mi lọ́rùn fún un. Kò dùn lẹ́nu bí "ìgboro", àmọ́ kò ní í ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

"Ẹ̀yà kékeré" gan-an ló dùn mí. Mo bi àwọn ọmọ pé, "Ta ni ẹ̀yà kékeré nínú wa níbí?" Àwọn ọmọ Yorùbá na ìka sí àwọn ọmọ Ògù, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Ẹ̀gùn. Ọmọbìnrin Ògù kan dìde, ó ní, "Sà, àwa la nìlú." Òótọ́ ló sọ. Àdúgbò mẹ́jọ ni Àgbádárìgì ní, láti Ahovikoh títí dé Ganho, ẹ gbọ́ orúkọ wọn, ẹ ó mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó. Ọmọ yẹn máa wọ bọ́ọ̀sì níbí, èèyàn rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ó máa sọ̀ kalẹ̀ ní Mile 2, ó ti di kékeré. Ṣé bọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ di kékeré ni?

Yàtọ̀ síyẹn, "kékeré" lédè wa kì í ṣe ti iye. Ti ìtóbi ni, ti ọjọ́ orí ni, ti iyì sì ni pẹ̀lú. Ọmọ kékeré là ń rán níṣẹ́. Ẹni tá a bá fojú kéré, a ò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Àwọn kan ti dá a lábàá pé ká sọ ọ́ di "ẹ̀yà tó kéré níye". Ìyẹn sàn díẹ̀. Nígbà tí akéde ìròyìn bá ní "olórí ọmọ ilé tó kéré jùlọ", ó yé gbogbo wa, torí orí ni wọ́n ń kà nílé aṣòfin. Ṣùgbọ́n ibi tí Hamilton gan-an ti kọ́ni kò jẹ́ kí orí kíkà tó wa.

Láàárín 1958 sí 1960, ó kọ́ni ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Macon ni wọ́n ń pe agbègbè tí ìlú náà wà. Nínú èèyàn 10 tó ń gbé Macon láyé ìgbà yẹn, ó lé ní 8 tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ta ló wá kéré níye? Síbẹ̀, àwọn aláwọ̀ funfun ló ń ṣàkóso. Nígbà tí àwọn dúdú tó lè dìbò ń pọ̀ sí i nílùú Tuskegee, ilé aṣòfin Alabama tún ààlà ìlú fà ní 1957. Ìlú tó ní ẹ̀gbẹ́ 4 tẹ́lẹ̀ di ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ 28, ààlà ń yà síhìn-ín yà sọ́hùn-ún kó lè ti ilé àwọn dúdú síta. Nínú nǹkan bí 400 olùdìbò dúdú, 4 tàbí 5 péré ló ṣẹ́ kù sínú ìlú. Olùdìbò funfun kankan ò bọ́ síta. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà kò fara mọ́ ọn ní 1960. Ẹ tún wo Gúúsù Áfíríkà kó tó di 1994: àwọn funfun ló kéré níye, àwọn ló sì mú ìjọba dání. Ẹ̀gbọ́n, tá a bá fi "kéré níye" túmọ̀ "minority", àwọn funfun Gúúsù Áfíríkà la máa fi sí i, a ó sì yọ àwọn dúdú Macon kúrò.

Ohun tó kan Macon ni pé wọ́n fa ààlà, wọn ò fọ̀rọ̀ lọ àwọn tó nìlú. Ìdí nìyẹn tí mo fi dá "ẹ̀yà àìfọ̀rọ̀lọ̀" lábàá. Bí a ṣe ń sọ "ọ̀rọ̀ àìsọ" àti "iṣu àìwà" náà ni. Wọ́n lè sọ pé ó jọ pé àbùkù wà lára ẹ̀yà náà fúnra rẹ̀. Rárá o. Iṣu àìwà kò jẹ̀bi. Ẹni tí kò wà á ni ká bi. Ọ̀rọ̀ náà sì bá ilé wa mu. Àwọn apẹja tí wọ́n wó ilé wọn ní Otodo Gbame, létí ọ̀sà Èkó, láàárín 2016 sí 2017, Ògù ló pọ̀ jù nínú wọn. Ilé ẹjọ́ gíga Èkó dá a ní 2017 pé lílé wọn lọ́nà bẹ́ẹ̀ tẹ ẹ̀tọ́ wọn lójú.

Ó ku méjì kékeré. Ẹ kọ "ẹlẹ́yàmẹ̀yà àjọ" fún "institutional racism" tí Hamilton àti Stokely Carmichael, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn dúdú, ṣàlàyé nínú ìwé wọn ní 1967. Ìyá ọlọ́jà tó bá gbọ́ "àjọ", owó àjọ ló máa rò. Nínú ìwé náà, wọ́n ní bí funfun kan bá ju bọ́ǹbù sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn dúdú ní Birmingham, ní Alabama, gbogbo ayé máa bú u. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ọwọ́ dúdú bá ń kú nílùú kan náà torí àìrí oúnjẹ, ilé àti dókítà, a ò rí ọwọ́ ẹni tó pa wọ́n. Inú ètò ló wà. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "ẹlẹ́yàmẹ̀yà inú ètò".

Èkejì: níbi tí ẹ ti fi ti ilé wa ṣe àpẹẹrẹ, ẹ kọ "Ẹ̀gùn". Ògù ni wọ́n ń pe ara wọn. Ẹ dákun, ẹ bá wa tún un kọ.